Ta Ni Ó Gé Ahọ́n Ọmọge Inú Omi?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè ya àwọn kan lẹ́nu pé irú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé ìfẹ́ ni, ìwé ìfẹ́ tí a kọ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa obìnrin abìrù-ẹja tí ń gbé inú omi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Màmí-wọ́tà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún èmi fúnra mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé n óò jókòó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n óò ní ẹni náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan nínú wa ni ó sọ mí di òǹkàwé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó fún yín.

Ọmọ ọdún 17 ni ọmọbìnrin yìí nígbà náà, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àbúrò ìyá rẹ̀ tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i, orúkọ ìwé náà ni Skin of the Sea, Natasha Bowen ni ó kọ ọ́, ní ọdún 2021 ni ó sì jáde. Àwòrán ọmọbìnrin dúdú kan nínú omi ni ó wà ní èèpo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí, àyà rẹ̀ sì là. Ọmọ kan náà ti sọ fún ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú pé òun lá àlá odò. Ta ni kì í lá àlá odò ní ilẹ̀ tí odò pọ̀ tó tiwa? Ṣùgbọ́n wọ́n so àlá pọ̀ mọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ sì di pé ọmọ náà ti ní ọkọ nínú omi.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àsàlátù, bàbá náà gbé ìwé yìí wá síwájú wa. Àwọn àgbà ní kí a sun ún. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì mi orí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ṣí ìwé náà wò, kò sì sí ẹnì kan tí ó bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó kà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ń pe ara rẹ̀ ní alfa, tí ó ní òun mọ bí a ti ń lé ọkọ inú omi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò níbẹ̀. Wọ́n gba owó, wọ́n gba àgbò, wọ́n fún un ní omi tí a fi fọ wàláà mu, wọ́n sì nà án ní pàṣán kí àlùjànnú lè ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdánwò méjì nínú ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ni wọ́n ṣe nígbà tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù méjì. Àwọn kan nínú wa ní ìtọ́jú náà ti jẹ́, nítorí pé ọmọ náà ti dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó kí ó bá mi wá irú ìwé náà, ó sì bá mi wá a.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé tí a sun. Ọmọbìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Simi, ọmọ ènìyàn ni tẹ́lẹ̀ kí Yemọja tó sọ ọ́ di Màmí-wọ́tà. Iṣẹ́ tí ó fi lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó máa dúró de àwọn ọkọ̀ òkun tí ń kó ẹrú, kí ó máa gba ẹ̀mí àwọn tí ó kú tí wọ́n jù sínú omi, kí ó sì máa ṣàdúrà fún wọn kí wọ́n lè padà sílé. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ju ọmọkùnrin kan sómi tí kò tíì kú, Kọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ó gbà á là. Òfin kò gbà á láyè láti gba alààyè là, nítorí náà ó ní láti rin ìrìn-àjò gígùn láti wá àtúnṣe sí ohun tí ó ṣe. Nínú ìrìn náà ni ìfẹ́ ti wọlé, ìfẹ́ yìí sì jẹ́ èèwọ̀ fún un, nítorí pé bí ó bá fẹ́ ọmọ ènìyàn, fófòó orí òkun ni yóò dà.

Mo parí ìwé náà ní òru ọjọ́ kẹta, ojú sì tì mí. Kì í ṣe pé ìwé náà kò ní àléébù. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń ké pe òrìṣà, wọ́n ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òrìṣà, ẹni tí ó sì gba Ọlọ́hun ní ọ̀kan ṣoṣo mọ̀ pé ọ̀nà tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí ọmọ mi bá ń kà á, n óò jókòó tì í, n óò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un láìfi igbe bọ̀ ọ́. Ohun tí ó tì mí lójú ni pé ìwé tí a pè ní ìwé àlùjànnú kún fún àánú àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kú sínú òkun láìsí ẹni tí ó sin wọ́n. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni a kó kúrò ní etíkun yìí, kò sì sí ìwàásù kan tí mo ti gbọ́ rí ní àdúgbò wa lórí àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà. Ìwé ọmọdé ni ó rántí wọn.

Irú ìtàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ni èyí tí Hans Christian Andersen ará Denmark gbé jáde ní ọdún 1837. Ọmọ ọba inú òkun ni ọmọge náà, ó rí ọmọ ọba orí ilẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbà á lọ́wọ́ ikú omi, ìfẹ́ rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó tọ àjẹ́ inú òkun lọ pé kí ó fún òun ní ẹsẹ̀. Àjẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ahọ́n ọmọge náà ni ó gbà lówó ọjà: ó gé ahọ́n rẹ̀ kúrò. Bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ tuntun náà tẹ ilẹ̀ ni ó ń dùn ún bí ẹni tí ń rìn lórí ọ̀bẹ. Ó dé ààfin, kò lè sọ pé òun ni òun gba ọmọ ọba là. Ọmọ ọba fẹ́ràn rẹ̀ bí ènìyàn ti í fẹ́ràn ohun ọ̀sìn, ó ní kí ó máa sùn sórí tìmùtìmù ní ẹnu ọ̀nà yàrá òun, ó sì gbé ọmọge mìíràn níyàwó lójú rẹ̀. Báyìí ni ìtàn náà rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney sọ ọ́ di fíìmù ní 1989, wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà, wọ́n fún un ní ọkọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2023, tí wọ́n sì fi Halle Bailey, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú, ṣe ọmọge inú omi, àwọn aláwọ̀ funfun kan bínú pé abìrù-ẹja kò lè jẹ́ dúdú, bí ẹni pé wọ́n ti bá ọ̀kan pàdé lọ́jà rí.

Àwọn tí ó bá rò pé Mùsùlùmí kò fi irú ìtàn báyìí ṣeré rí, kí wọ́n wo inú Alf Layla wa Layla, ìwé ìtàn àwọn Lárúbáwá tí ó gbajúmọ̀ ká gbogbo ayé. Ìtàn obìnrin inú òkun kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Jullanār. Wọ́n tà á fún ọba kan ní ilẹ̀ Páṣíà bí ẹrú. Ọba kẹ́ ẹ, ó gẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n odindi ọdún kan ni obìnrin yìí kò fi la ẹnu. Nígbà tí ó lóyún ni ó sọ̀rọ̀, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ó sọ ilé tí òun ti wá, ó sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ jáde láti inú òkun wá kí ọkọ rẹ̀. Ẹ fi í wé ti Andersen. Èkíní kò lè sọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n gé ahọ́n rẹ̀. Èkejì dákẹ́ nítorí pé ó fẹ́ dákẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí ó wù ú. Ìtàn kan náà wà nínú ìwé yìí nípa Abdullāhi apẹja àti Abdullāhi ará inú omi tí wọ́n jọ ṣọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ náà sì tú nítorí pé àwọn ará inú omi ń yọ̀ nígbà tí ènìyàn wọn bá kú, àwọn ará orí ilẹ̀ sì ń sunkún. Àwọn bàbá ńlá ìmọ̀ wa gbọ́ irú ìtàn wọ̀nyí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ kírun.

Nítorí náà, kì í ṣe ìtàn ni ìṣòro wa. Ìṣòro wa ni pé a kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtàn àti ìròyìn mọ́.

Ẹ wo àwòrán Màmí-wọ́tà tí a ti ń rí láti kékeré, obìnrin onírun gígùn tí ejò wé mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ ti tọ ipa àwòrán yìí dé orísun rẹ̀. Ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890, obìnrin tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ń fi ejò ṣeré fún àwọn òǹwòran láti gba owó. Nígbà tí ó di 1955, ilé ìtẹ̀wé kan tí ń ṣe kàlẹ́ńdà ní Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà tún un tẹ̀, ẹ̀dà 12,000, fún àwọn oníṣòwò tí wọ́n fẹ́ tà á ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Láti ibẹ̀ ni ó ti túbọ̀ tàn kálẹ̀. Ìwé ìpolówó eré ni a ń bẹ̀rù. Àwọn kan ń rúbọ sí i, àwọn kan ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí obìnrin tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ti kú láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń pe òun ní ìyá omi.

Ìwé pẹlẹbẹ kan tún wà tí àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ ní ìgbà náà kò lè gbàgbé, Delivered from the Powers of Darkness, tí Emmanuel Eni kọ, tí ó sì jáde ní 1987. Ó sọ níbẹ̀ bí òun ti gbé ìsàlẹ̀ òkun, ó sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àlọ́. Mùsùlùmí kà á, onígbàgbọ́ kà á, àwọn olùkọ́ sì ń ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sétí àwọn ọmọ kíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fíìmù Nneka the Pretty Serpent dé ní 1994, nípa obìnrin arẹwà tí agbára rẹ̀ ti inú omi wá, tí ó ń gba ọkọ olókọ. Láti ìgbà náà, obìnrin tí ó bá lẹ́wà, tí ó lówó, tí kò sì tíì ní ọkọ, ó ti di ará inú omi lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ó léwu jù nínú méjèèjì? Ìwé tí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀ pé ìtàn àròsọ ni òun, tàbí èyí tí ó ní òtítọ́ pọ́ńbélé ni òun? Èyí àkọ́kọ́ ni a sun níná. Èkejì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ nínú wa títí di òní.

Kódà, òǹkọ̀wé ìtàn fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa yìí, kó sínú odò ní Wuya lẹ́bàá Bida, ó sì bá omi lọ. Jàǹbá ni. Ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn kan ń sọ pé àwọn iwin inú ìwé rẹ̀ ni wọ́n wá mú un. Ọkùnrin tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa àlọ́ fún wa, a sọ ikú rẹ̀ náà di àlọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí mọ ni, n kì bá tí kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì. Orí á fọ́ ẹni náà, ojú rẹ̀ á ṣú, kò ní ríran mọ́, yóò dákú, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́ ó ti lè kú. Ó lé ní ènìyàn 15 tí ó bá a lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ni ìlú ń sọ? Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan ni wọ́n jálẹ̀kùn ojúbọ Malókun, òrìṣà olómi ìlú náà, tí wọ́n kó ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ, pé Malókun ni ó ń bínú. Ìwé ìròyìn gbé e, rédíò gbé e, gbogbo Nàìjíríà sì ń sọ̀rọ̀ òrìṣà Ìrèlè. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ rò pé oògùn apako ni. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, ògógóró ni wọ́n bá nídìí rẹ̀, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù. Bí ó bá dé inú ara, yóò di omi kíkan kan tí ń pa iṣan ojú kí ó tó pa ẹni tí ó ni ojú. Bí a bá tètè gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ní ọdún kan náà, láìpẹ́ sí ìgbà náà, irú ikú yìí ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, níbi tí kò sí ẹni tí ó jalẹ̀kùn Malókun.

Ẹ rò ó wò. Ní gbogbo ọjọ́ tí ẹnu wa fi wà lórí ìbínú òrìṣà, ìgò tí ó ń pa ènìyàn wà lórí tábìlì. Àwa Mùsùlùmí lè sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀, ṣe bí a ti ní kí wọ́n má mu ọtí. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní àánú lójú, n kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ìtàn tí ó tètè wá sí wa lẹ́nu ni ó dí ojú wa. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin wa: ìtàn ọkọ inú omi ni ó tètè wá sí wa lẹ́nu, a kò sì wo ohun tí ó wà níwájú wa, ọmọ tí ó fẹ́ràn ìwé.

Àwọn kan yóò bi mí pé ṣé mo ń sọ pé kò sí àlùjànnú ni. Rárá o. Àlùkùránì sọ pé wọ́n wà, a sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka ibi tí a ti sọ ìtàn Ànábì Sulaimọnu. Àwọn kan nínú wọn ń wọ inú òkun lọ láti wá ohun tí ó rán wọn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n jẹ́ fún un. Nígbà tí ó sì kú tí ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, wọn kò mọ̀ pé ó ti kú, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ, títí kòkòrò ilẹ̀ fi jẹ ọ̀pá náà tí ó sì ṣubú. Ẹ̀dá tí kò mọ̀ pé ọ̀gá òun ti kú ní ojú òun, òun ni ẹ fẹ́ kí ó wá sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ọmọ yín fún yín lábẹ́ pàṣán? Inú Àlùkùránì kan náà ni a ti sọ fún wa pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń wá ààbò lọ sí ọ̀dọ̀ àlùjànnú, ìnira ni wọ́n sì rí gbà níbẹ̀. Alfa tí ń gba àgbò láti bá ọkọ inú omi ṣe ìpinnu, ẹ sọ fún mi ohun tí ó fi yàtọ̀ sí aworo tí ń gba ewúrẹ́ fún Malókun.

Ó kù síbi kan tí mo fẹ́ bá àwọn ìwé wọ̀nyí wí, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọbìnrin rò pé mo ti di agbẹjọ́rò wọn. Púpọ̀ nínú ìwé ìfẹ́ abìrù-ẹja, yálà èyí tí a tẹ̀ tàbí èyí tí ẹ ń kà lórí fóònù ní òru, bákan náà ni wọ́n rí: ọmọbìnrin ni ó ń san owó gbogbo. Òun ni yóò fi ilé sílẹ̀, òun ni yóò fi ẹbí sílẹ̀, òun ni yóò gba ara tuntun, òun ni yóò di fófòó bí ìfẹ́ bá bàjẹ́. Kí ni ọmọkùnrin náà fi sílẹ̀? Ó kàn ń rì sómi ni, wọ́n ń fà á jáde. Mo ti rí irú ìfẹ́ yìí ní Òkìtìpupa lójú ayé, ní àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń háyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin á ní, “Má sọ fún ẹnikẹ́ni, má sọ fún bàbá rẹ, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wa.” Ọ̀bẹ tí àjẹ́ inú òkun fi gé ahọ́n nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, nígbà tí ọkùnrin bá ti ní kí ẹ dákẹ́ kí òun tó lè fẹ́ yín, ẹ ti dé ààfin nìyẹn, tìmùtìmù ẹnu ọ̀nà ni ó kù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ta ni ó kọ́ wọn bí a ti ń dákẹ́? Ní ìgbà ayé Ànábì, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Khansā’ ọmọ Khidhām, ó ti ní ọkọ rí. Bàbá rẹ̀ fi í fún ọkùnrin kan tí kò fẹ́. Kò sunkún sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó tọ Ànábì lọ, ó la ẹnu rẹ̀, ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, Ànábì sì tú yìgì náà ká. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin wa lá àlá, ó sọ fún ìyá rẹ̀, a fi àlá náà ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ó ka ìwé, a sun ún. Ní ọjọ́ mìíràn tí ọ̀rọ̀ gidi bá ṣẹlẹ̀ sí i, ní ọjọ́ tí ọkùnrin kan bá fẹ́ fi ipá mú un, ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Mo lọ bá bàbá rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti ka ìwé náà, pé mo jẹ̀bi pẹ̀lú rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn ní ọjọ́ náà. Ó ní ojú ayé ni mo ń wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó ránṣẹ́ pè mí pé kí n mú ìwé náà wá kí òun náà wò ó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, nítorí náà ọmọ náà ni ó jókòó tì í tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Yorùbá, ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn Mọ́gàrìbá. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ju Kọ́lá sómi, bàbá náà ní, “Wọ́n kò sì dè é?” Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ó ti dé.

Ó tún ìdánwò rẹ̀ ṣe ní ọdún kejì, ó sì yege. Nísinsìnyí, ó ń kọ ìwé tirẹ̀, ní Yorùbá. Kò fi ti abìrù-ẹja ṣe. Ìtàn tí ó mú ni èyí tí àwọn àgbà Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń sọ nípa Ayélála, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Awólàlú sì kọ nípa rẹ̀ ní 1968. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé orúkọ òrìṣà tí a fi ń búra ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣe àgbèrè pẹ̀lú ìyàwó ẹlòmíràn, ó sá lọ bá àwọn Ìjọ́ lẹ́bàá omi. Ìjà fẹ́ bẹ́ láàárín ẹ̀yà méjèèjì. Láti parí ìjà náà, wọn kò pa ọkùnrin tí ó ṣẹ̀. Ẹrúbìnrin kan ni wọ́n mú, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á ni ó ké pé ayé le, ayé kọjá òye, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é títí di òní. Ìfẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó pa á létí omi, ohun tí ó fi ẹnu rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn nìkan ni a sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọmọ náà mú abala àkọ́kọ́ wá fún mi ní oṣù tó kọjá. Ìbéèrè kan ni ó ní. Ó ní ẹrúbìnrin náà ní orúkọ kí wọ́n tó mú un, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dárúkọ náà fún òun. Ó ní ṣé òun lè fún un ní ọ̀kan. Mo ní kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlútitun bóyá ó gbọ́ ọ rí. Ó ti lọ ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ń retí rẹ̀.